Yanrìn Tó Ń Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Sọ̀kalẹ̀

Láàárọ̀ yìí ni mo tún gbọ́ ọ, ìró òòlù lára irin sípíríìngì ọkọ̀, lẹ́yìn ilé wa ní Katako níbí. Kúnlé, ọmọ àbúrò mi, ló ní kí mẹkáníìkì fi irin kún irin abẹ́ pikọ́ọ̀pù òun, kí ó lè máa ru àpò ànàmọ́ òyìnbó jáde láti oko, lójú ọ̀nà tí kò mọ ọ̀dà rí. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òòlù yẹn ṣe ń dún ni inú ń bí mi, mi ò sì ní purọ́ fún ẹ̀yin ọmọdé pé ọjọ́ orí ti pa iná náà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ lójú mi. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni gbogbo Dilimi, àdúgbò tí a ń gbé nígbà náà, ń pè é. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ànàmọ́ òyìnbó ló ń rà lóko tó ń tà nígboro. Ó mú pikọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ bá alágbẹ̀dẹ, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ tó nípọn kún àwọn tó wà lórí ara wọn lábẹ́ ìdí ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ọ̀hún ti ń gbé ìdí sókè bí àgbò tó fẹ́ kàn. Bí ẹrù bá kún un, á máa rọra lọ. Bí ó bá ṣófo, kò sí òkúta ojú ọ̀nà tí kò ní dé ìbàdí awakọ̀, ìbàdí Bàbá Ọlọ́kọ̀ kì í sì í gba ìyà.

Gbogbo awakọ̀ ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i: àpò yanrìn ni wọ́n ń kó sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá dé oko, ẹnì kan ní láti sọ yanrìn náà kalẹ̀. Ọ̀lẹ ni bàbá yìí. Àwa ọmọdé ló ń kó sẹ́yìn ọkọ̀ dípò yanrìn. "Yanrìn kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀," á wí bẹ́ẹ̀, gbogbo agboolé á bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà á rẹ́rìn-ín, òpè ni wá.

Àní a máa ń sáré gun ọkọ̀ náà, èmi àti Ladi, ọmọ ilé kejì, tí a jọ máa ń pín ìrèké kan jẹ. Atẹ́gùn tútù á máa fẹ́ wa lójú. Omi inú ihò kùsà àtijọ́ á máa dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọkọ̀ á sọ wá sókè, Ladi á di aṣọ mi mú, á pariwo "Wayyo!" tayọ̀tayọ̀. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín tó dùn tó ti ọmọ náà.

Tí a bá dé oko, àpò ànàmọ́ á wọ ọkọ̀, àwa á bọ́ sílẹ̀. Bàbá Ọlọ́kọ̀ á ní òun ń padà bọ̀ wá gbé wa pẹ̀lú ẹrù kejì, a ó sì jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Ó máa ń dé. Lọ́jọ́ kan, kò dé. Yìnyín bọ́ lé wa lórí, Ladi tí àyà rẹ̀ kì í fẹ́ òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́, títí ètè rẹ̀ fi le. Ìyá alóko kan fi àpò bò wá. Ìyá Ladi ló gun alùpùpù àchàbà wá wa kàn nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ti ta ẹrù, ó ti jẹun yó, ó ti sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin náà dúró láàárín agboolé wa, ó sì pariwo lédè Hausa: "'Yata ba yashi ba ce!" Ọmọ òun kì í ṣe yanrìn. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ń run orín ní tirẹ̀. "Ṣé wọn ò délé ni?" Ìyẹn nìkan ló rí sọ. Láti ọjọ́ náà, Ladi kò gbọdọ̀ yà sí ilé wa mọ́. Wọ́n kó lọ sí Angwan Rogo, wọ́n tún kó kúrò níbẹ̀, mi ò sì rí i mọ́ títí dòní.

Nígbà tí a ń sin Bàbá Ọlọ́kọ̀, ẹbí ń sọ pé òun ló gbé gbogbo wa. Irọ́ ni. Àwa la di ọkọ̀ rẹ̀ mú mọ́lẹ̀. Wọ́n ní a kì í bú òkú, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Agboolé wa ní Dilimi ti di ṣọ́ọ̀bù. Irin ṣì le bó ṣe le. Àwọn àgbà ṣì ń wo ọmọdé bí ẹrù, nítorí lọ́sàn-án yìí, nígbà tí iṣẹ́ parí, mo béèrè lọ́wọ́ Kúnlé bí ọkọ̀ náà yóò ṣe máa rìn tó bá ṣófo.

"Haba Mọ́mì, á kàn máa fò díẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ilé á jókòó sẹ́yìn, shikenan, ó parí."

Ohun tí mo sọ fún un kò ṣeé kọ sínú ìwé. Ó bu yanrìn sínú àpò fúnra rẹ̀, ó ń pòṣé, ó sì lọ. Àwọn ọmọ tó ti ń retí àtigun ọkọ̀ dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ọ̀tá. Kí wọ́n máa wò mí. Gbogbo wọn ló pé sílé.