Àlàgbé Tí Kò Lè Pa Àṣírí Iṣẹ́ Mọ́

Títí di òní, bí wọ́n bá ń rántí olóògbé Àlàgbé ní Adja-Ouèrè, ọjọ́ tí ẹja Sọ̀fíyátù fẹ́rẹ̀ẹ́ jí dìde ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ.

Sọ̀fíyátù ń ta ẹja inú yìnyín lẹ́bàá ọjà. Lọ́sàn-án gangan lọ́jọ́ náà, fìrígò ńlá rẹ̀ dákẹ́. Kò ríbi kó ẹja sí, ló bá gbé fìrígò tòun tẹja sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó dorí kọ ìsọ̀ Àlàgbé, ẹni tí ń tún fìrígò, rédíò àti abẹ̀bẹ̀ oníná ṣe. Omi ń kán lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, eṣinṣin sì tò tẹ̀lé e bí ẹni ń sin ìyàwó lọ ilé ọkọ.

"Ọ̀gá Àlàgbé, ẹ gbà mí."

"Ẹ kú oòrùn, Ìyá Ẹlẹ́ja. Ẹ jókòó. Kí ni iṣẹ́ fìrígò?"

"Kó tutù."

"Ẹ ò gbà á. Fìrígò ò mọ òtútù ṣe. Ooru ló ń lé jáde, bí ẹni ń lé ewúrẹ́ jáde nílé ìdáná."

"Ewúrẹ́ ti padà wọlé, Ọ̀gá. Ẹja mi ti ń lajú."

Àlàgbé na tọ́nàvísì, irin tó fi ń tú nọ́ọ̀tì, sí i pé kó tú ẹ̀yìn fìrígò. Sọ̀fíyátù wo irin náà bí ẹni wo ejò. Ó ní ṣé òun ni yóò tú u. Àlàgbé ní ṣé fìrígò òun Àlàgbé ni.

Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ló pààlà láàárín ìsọ̀ Àlàgbé àti ti Ràzákì. Iṣẹ́ kan náà ni Ràzákì ń ṣe, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún ohun-èlò oníná ṣe. Ó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń payín keke.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá obìnrin yẹn tún un ṣe. Òórùn ẹja ti ń wọ ọ̀dọ̀ mi."

"Fara balẹ̀, Àbúrò. Ó ti fẹ́ mọ̀ ọ́n."

"Mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n," ni Sọ̀fíyátù wí.

Ṣùgbọ́n ó tú u. Ó fi ọwọ́ tọ wáyà láti orí dé ìdí, ó ń ṣépè fún ẹni tó dá iná sílẹ̀, títí ó fi kan ibi tí eku ti gé wáyà kan sí méjì. Òórùn ẹja ló pe eku wá. Àlàgbé ní kó so ó pọ̀ báyìí, kó wé e báyìí, kó bò ó báyìí. Fìrígò kùn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà yẹn, ìdajì ẹja ti rọ̀, ọpọ́n méjì ni Sọ̀fíyátù gbé sórí iná èéfín lálẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tún sọ fún yín pé Àlàgbé ti rí wáyà tó gé yẹn kí kẹ̀kẹ́ tó dúró.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Kì í bá ọ tún nǹkan rẹ ṣe. Nǹkan rẹ ló máa ń fi tún ọ ṣe.

Ní ti Ràzákì, aṣọ ìkélé dúdú ló ta sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ tirẹ̀. Oníbàárà á jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, á máa gbọ́ ìró òòlù nínú: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Òòlù yẹn kì í kan ẹ̀rọ kankan. Pákó lásán ni Ràzákì ń lù, kí iṣẹ́ lè níyì. Ohun tó ń dùn ún ni pé ní òdìkejì pákó, ó ń gbọ́ bí Àlàgbé ti ń fọkàn àwọn oníbàárà balẹ̀ pé, "Ẹ má fòyà. Pákó ló ń lù."

Síbẹ̀, nǹkan kan wà lẹ́yìn ìkélé náà tó jẹ́ àṣírí tòótọ́. Bí mọ́tò abẹ̀bẹ̀ bá jóná, àwọn méjèèjì ló lè tú wáyà inú rẹ̀ dànù, kí wọ́n wé tuntun, kí wọ́n fi fáníìṣì bò ó. Èyí tí Àlàgbé bá wé kì í rí ẹ̀ẹ̀rùn kejì kó tó tún jó. Èyí tí Ràzákì bá wé máa ń gbẹ̀yìn ẹni tó ni ín. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ alágẹmọ ló fi ń pa á. Àwọn kan ní ó ń ka nǹkan sí i. Ràzákì ò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn máa ń wúkọ́ díẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àlàgbé fi ń bi í, ọdún mọ́kàndínlógún ni Ràzákì fi ń wúkọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ò ju èyí lọ: ọjọ́ tí Àlàgbé bá gbọ́ ọ, gbogbo ayé ti gbọ́ ọ nìyẹn, orúkọ Ràzákì sì parẹ́.

Oṣù kan lẹ́yìn ọ̀ràn ẹja, Sọ̀fíyátù tún fìrígò ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Inú Àlàgbé dùn débi pé ó ṣe lìbérásíọ̀n fún un. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń gbòmìnira lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa: ọmọ iṣẹ́ á sin ọ̀gá fún ọdún mẹ́rin, á pọnmi, á gbálẹ̀, á gba ìfọ́tí tí kò níye, kí ẹbí tó pa ewúrẹ́, kí ọ̀gá tó gbé ìwé-ẹ̀rí lé e lọ́wọ́. Sọ̀fíyátù lo ọ̀sán kan. Páálí ẹja ni Àlàgbé fi ṣe ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, ó sì lu òǹtẹ̀ ìsọ̀ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òbí mẹ́ta ti dúró níwájú Ràzákì, wọ́n ń bi í ohun tí ọmọ àwọn ti ń kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọdún kẹta. Ràzákì ò lè sọ pé pákó ni wọ́n ń lù.

Ló bá pe ìpàdé ẹgbẹ́ sí Massè, lábẹ́ igi níbi tí wọ́n ti ń ta ẹmu. Ó mú ẹlẹ́rìí dání, Fátókun, àgbẹ̀ kan láti Tatonnonkon. Àlàgbé ló kọ́ Fátókun bí wọ́n ṣe ń tú rédíò. Fátókun délé, ó tú rédíò, iná gbé e, ó jù ú sínú ọpọ́n gàrí. Ó dìde, ó funfun láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì kọ́kọ́ bi í bóyá gàrí ò dànù.

"Ẹ wò ó," ni Ràzákì wí. "Ọkùnrin yìí ì bá ti kú. Ìyẹn ni ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń pín kiri."

Àlàgbé yíjú sí Fátókun. "Kí ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọ?"

"Ẹ ní kí n yọ ọ́ lára iná."

"Ṣé o yọ ọ́?"

"Rárá."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ lẹ sọ."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín títí ẹmu fi dà lára wọn. Ràzákì ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ṣẹ́ yìí ní Pobè. Mo fọ ṣòkòtò ọ̀gá mi. Ohun tí aráyé ò mọ̀ la fi ń jẹun, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n tán, kí la ó jẹ?"

"Ta ni ò mọ ẹ̀wà sè níbí?" ni Àlàgbé bi í. "Kí ló dé tí ẹlẹ́wà fi máa ń tà tán kí oòrùn tó mú? Àbúrò, yálà mo kọ́ wọn o, n kò kọ́ wọn o, wọ́n á tú ẹ̀rọ wọn. Ọ̀bẹ ìdáná ni wọ́n fi ń tú u. Ohun tí wọn ò mọ̀ ló ń pa wọ́n."

Ẹgbẹ́ dá Àlàgbé lẹ́bi síbẹ̀, nítorí pé Ràzákì ni olórí. Wọ́n ní kó lọ ta ìkélé sẹ́nu ọ̀nà bíi ti àwọn yòókù, kó má kọ́ni ní gbangba mọ́. Àlàgbé gbà láìjanpata. Ó ta ìkélé, ó sì ń kó àwọn oníbàárà wọnú rẹ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Aráyé rí aṣọ, wọ́n ní ohun tó ń kọ́ni nísinsìnyí á ti le gan-an. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti ń wá láti Kpoulou.

Ìgbà òjò tó kọjá ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Àlàgbé. Wọ́n gbé e lọ ọsibítù ní Pobè. Ràzákì yarí pé òun ò ní lọ. Ó lọ. Ó ra ọsàn dání.

Ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, abẹ́rẹ́ omi lápá kan, ó ń fi apá kejì júwe inú abẹ̀bẹ̀ oníná fún nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Rosine. Yàrá náà gbóná bí ààrò. Wọ́n ti tú abẹ̀bẹ̀ náà palẹ̀ sórí aṣọ ìbora aláìsàn.

"Mọ́tò rẹ̀ ló jó, ọmọ mi," ni Àlàgbé ń wí. "Èyí, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ní gbogbo agbègbè wa. Òun ló ń wọlé bọ̀ yẹn, tó fajú ro."

Ràzákì ò tíì gbọ́ ọ rí kí Àlàgbé sọ níwájú èèyàn pé òun ò mọ nǹkan kan. Ó ní kí Rosine jọ̀ọ́ bọ́ síta díẹ̀. Ó jókòó, ó tẹ ẹnu mọ́ etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta."

"Kí ló jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta?"

"Nínú òjìji. Ẹ̀yin máa ń sá a sóòrùn. Ojú fáníìṣì á yára gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì tutù. Ìtutù inú yẹn ló ń jó wáyà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ni mo máa ń gbé e sí fún ọjọ́ mẹ́ta."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Kò sí lẹ́yìn náà."

"Ẹ̀jẹ̀ alágẹmọ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

Àlàgbé rẹ́rìn-ín títí ìgò omi fi ń mì lókè. "Ọdún mọ́kàndínlógún. Ọdún mọ́kàndínlógún lo fi gbé sùúrù pamọ́ fún mi."

"Ó kéré jù láti sọ ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ò ní bọ̀wọ̀ fún mi mọ́. Ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Àlàgbé ṣèlérí. Ó gbé ọwọ́ lé àyà tó ń dùn ún, ó búra.

Nígbà tí Ràzákì padà wá lọ́jọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà ni Rosine ti pàdé rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá. Ṣé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá yín náà lẹ máa gbé tiwa sí?" Bàbá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán dáhùn láti bẹ́ẹ̀dì kejì pé kí wọ́n má ṣáà gbé e sóòrùn. Àlàgbé di ojú, ó ń hanrun, ṣùgbọ́n ejìká rẹ̀ ń mì.

Ọjọ́ kẹfà ló kú. Wọ́n sin ín, àwọn èèyàn Kpoulou kún ojúde. Ràzákì jókòó láàárín wọn, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ òun ti tán nìyẹn.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí Ràzákì ò mọ̀ rí gbé mọ́tò abẹ̀bẹ̀ wá láti Kpoulou.

"Ọ̀gá, mo wé e fúnra mi. Mo ti ṣe ràzákì rẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta, síbẹ̀ ó ń pariwo."

"O ti ṣe kí ni rẹ̀?"

"Ràzákì. Ẹ ò mọ ràzákì? Kẹ́ ẹ gbé e sí òjìji kó fara balẹ̀ gbẹ. Bàbá tó ń tún fìrígò ṣe, tó kú yẹn, òun ló sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó ní ẹni tí kò bá pe orúkọ rẹ̀ kó má ṣe é. Ṣé orúkọ èèyàn ni?"

Ràzákì gba mọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Ràzákì ní Pobè ló sọ àṣírí ọjọ́ mẹ́ta náà sí i létí lọ́jọ́ ìgbòmìnira rẹ̀, ó sì mú un búra. Kò tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ọ̀gá náà kú; kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ láyé yìí.

Ràzákì yí mọ́tò náà wò. Wáyà rẹ̀ tò létòlétò, fáníìṣì rẹ̀ gbẹ dé inú. "Kò sí ohun tó ṣe wáyà ẹ," ó wí. "Òróró ló ń tọrọ nídìí. Sún mọ́ ibí, kó o wò ó."

Lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ, Ràzákì yíjú sí pákó tó pààlà ìsọ̀ wọn, ó la ẹnu láti bá Àlàgbé jà. Ìjà ọdún mọ́kàndínlógún ti pọ́n sí i lẹ́nu, ó tó jẹ, kò sì rí ẹni tí yóò bù ú fún.