Ilé Télọ̀ Kò Sí Nínú Máàpù

Télọ̀ ni gbogbo wa ń pè é ní ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ kò rán ṣòkòtò rí láyé rẹ̀. Ìlú ló ń rán. Ìlú márùn-ún ló wà lábẹ́ ìjọba ẹkùn wa, olúkúlùkù ló sì ń ya máàpù tirẹ̀. Iṣẹ́ Télọ̀ ni láti tẹ́ wọn sórí tábìlì gbọọrọ, kó rí i pé títì ìlú kan bá tèkejì mu, kí páìpù omi ìhín má lọ forí sọ ògiri lọ́hùn-ún. Èmi akọ̀wé, ọdún mọ́kànlá ni tábìlì mi fi kọjú sí tirẹ̀. Olóríkunkun ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé ní ìlú tó bá tirẹ̀ pààlà, òun náà sì ti bí ọmọbìnrin kan. Ìgbà tí ọmọ yẹn ń rákò ni Télọ̀ ti fojú kàn án gbẹ̀yìn. Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Bọ́ọ̀sì ìlú ọ̀hún kì í kọjá ààlà wọn. Láti ibẹ̀ dé ilé Télọ̀, ìrìn wákàtí kan àbọ̀ ni.

Mo ní kó lọ wò wọ́n.

"Ọmọ ló ń wá bàbá wò," ló fi dá mi lóhùn. "Bàbá kì í sáré tẹ̀lé ọmọ."

Nígbà tó yá, ìjọba ní kí bọ́ọ̀sì kan so ìlú máràárùn-ún pọ̀. Télọ̀ tẹ́ máàpù ìlú tirẹ̀ àti ti ìlú ọmọ rẹ̀ síra, ló bá rí ibi funfun gbọọrọ láàárín wọn. Ìlú kìíní ti rò pé ìlú kejì á yà á, ìlú kejì náà rò bẹ́ẹ̀. Inú funfun yẹn ni ilé rẹ̀ bọ́ sí.

"Akọ̀wé, wá wò ó," ló ní. "Mi ò sí láyé!"

A rẹ́rìn-ín títí. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ọ̀nà méjì ni bọ́ọ̀sì lè gbà: ẹnu ọ̀nà Télọ̀, tàbí ẹ̀gbẹ́ iléèwé àti ilé ìwòsàn. Ọ̀gá wa ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ ibẹ̀. Ẹ fà á síbi tó yẹ." Télọ̀ di pẹ́ńsù mú, kò fà á. Mo mọ ohun tó ń rò: bí bọ́ọ̀sì bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á dé. Nígbà tó fà á tán, ẹ̀gbẹ́ iléèwé ló gbà.

Inú bí mi. "Kí ló dé tí ẹ ò fà á sí ẹnu ọ̀nà yín?"

"Ta ni màá ní ó ń gbébẹ̀? Ẹnì kan?"

Bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibi tó ń dúró jìnnà sílé rẹ̀ tó ìrìn ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọ rẹ̀ pè é: "Ogójì ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn? Bàbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá." Sátidé mẹ́ta ló fi gbé àga méjì síta, tó jókòó sórí ọ̀kan. Ní ìkẹrin, ó wọ bàtà, ó rìn lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ní Mọ́ńdè, ó ròyìn fún mi. Ó kan ilẹ̀kùn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ṣí i. Ọmọ náà wò ó látòkè délẹ̀, ó sì kígbe sínú ilé pé, "Mọ́mì, ẹnì kan ń wá yín!"

"Ẹnì kan, Akọ̀wé," Télọ̀ ní, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi tán.

Ó mú pẹ́ńsù, ó ya ilé kékeré kan sínú ibi funfun náà. Ó wá bi mí bóyá mo mọ aago tí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ń gbéra ní Sátidé.