Màmá Wa Ń Dúró De Gómìnà

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń ti itẹ́ òkú bọ̀ wálé, tí erùpẹ̀ pupa Ọ̀tà á ti lẹ̀ mọ́ ọn lára dé orúnkún. Káfíńtà ni nígbà náà, kò tíì di nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí Mùsùlùmí bá kú ládùúgbò wa, ìbáà jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ìbáà jẹ́ ará Ọ̀yọ́ tó wá ṣiṣẹ́ ní Sàǹgó tí kò lẹ́bí nítòsí, òun ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sínú sàréè láti gba òkú sílẹ̀. Màmá wa, tí wọ́n ń ta àpò ìyẹ̀fun òfìfo, máa ń pọn omi dè é kó fi wẹ̀. Wọ́n á ní Ọlọ́run ló mọ ohun tó máa fi san án fún un.

Kò pẹ́ tí àwọn olóṣèlú fi rí i. Ìpolongo wo lẹ tún fẹ́ ṣe fún ẹni tó ti bá gbogbo ilé sin bàbá wọn? Ó di kánsẹ́lọ̀. Màmá bá a rin Ìjù, wọ́n bá a rin Àtàn dé Alápòtì láti tọrọ ìbò. Àsìkò yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá àti yunifásítì ń yọ lọ́tùn-ún lósì, tí oko ẹ̀gẹ́ ń di ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó síwájú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ó wà ní mọ́sáláṣí, lọ́jọ́ Àìkú ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ṣe àmín ju pásítọ̀ lọ. Ìgbà tó fi máa dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Abẹ́òkúta, agbádá funfun kì í bọ́ lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Èmi náà ń gbéra ga. Bí ọlọ́kadà bá bi mí pé ibo ni mò ń lọ, ilé ọnọrébù ni mo máa ń dárúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà ni mò ń lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá bẹ̀ ẹ́ fún, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá wọn gúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ tí mo bá kú náà ni kẹ́ ẹ sin mí. Ẹ má jẹ́ kí n sun mọ́ṣúárì." Ó dì wọ́n lọ́wọ́ mú, ó ní òun fúnra òun lòun máa gbé wọn sílẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n kú. A ti wẹ Màmá, a ti wé wọn láṣọ, àwọn ọkùnrin ti gbẹ́ ilẹ̀. Ìrun àílà ọ̀sán la fẹ́ kí, ká máa lọ sin wọ́n. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó sunkún díẹ̀.

"Gómìnà ń bọ̀ l'Ọ́tà lọ́jọ́ Jímọ̀," ló wí. "Wọ́n ń ṣe ìgboyèjáde ní yunifásítì. Tó bá parí níbẹ̀, á yà sọ́dọ̀ wa. Ẹ gbé Màámi lọ sí mọ́ṣúárì."

"Bọ̀dá, ẹ ṣèlérí fún wọn."

"Ìyá ẹ nìkan kọ́ mọ́. Ìyá aṣòfin ni."

Lẹ́mọ́mù gba fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ̀ dé, wọ́n gbé Màmá nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n lọ tì wọ́n mọ́ inú òtútù. Ó dùn mí débi pé mi ò lè jókòó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, kánópì kún ilẹ̀, àwọn alága ẹgbẹ́ pé. A gbọ́ fèrè ọkọ̀ gómìnà lójú títì. Gbogbo wọn dìde, wọ́n tún fìlà ṣe. Fèrè náà ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó sì kọjá lọ sọ́nà Èkó.

Nígbà tá a dé itẹ́ òkú, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàlàyé nǹkan fún ẹnì kan lórí fóònù, ó fi ọwọ́ kan gbé agbádá sókè kó má kan ilẹ̀. Ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ kan, tí ẹ̀gbọ́n mi ti bá sin ìyàwó rẹ̀ láyé ọjọ́un, ló bọ́ bàtà, tó bọ́ sísàlẹ̀ gba Màmá. Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo dúró, mò ń wo ìyá aṣòfin tí àlejò ń sin.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó tún wọlé ìbò, àdúgbò wa gan-an ló sì dìbò fún un jù. Wọ́n ní òkú ìyá rẹ̀ gbayì. Mo ti dàgbà báyìí, ariwo ti tán lẹ́nu mi, àmọ́ inú mi kò tíì yọ́ sí i. Ó máa ń wá kí mi lọ́dún Iléyá, a sì máa ń jọ jẹun. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé, lọ́jọ́ tí mo bá kú, kí wọ́n sin mí tán kí wọ́n tó pè é.