Lomitu àti Aago Mẹ́wàá

Lomitu kì í jókòó. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn, kí n tó mọ orúkọ rẹ̀ pàápàá. Nígbà tó kó dé yàrá ẹnu ọ̀nà ní àgbàlá wa ní Addis Ababa, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Á lọ sídìí omi, á padà, á gbá ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá, á tún lọ sídìí omi. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọdé ní ìṣirò, ara mi kì í gba irú ìyẹn. Mo yọjú lójú fèrèsé.

“Ìwọ obìnrin yìí, ṣé èèrà ń jẹ ọ́ lẹ́sẹ̀ ni?”

“Ẹ má bínú, Tíṣà,” ó ní. “Beirut ni mo ti ń bọ̀. Tí mo bá jókòó níbẹ̀, màdáámú á pariwo.”

Èdè Oromo ló fi dá mi lóhùn. Oromo ni ọkọ mi tó ti kú, nítorí náà mo gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ọ̀rẹ́, bí èèyàn bá lè pe ẹni tó ń já a láyà láràárọ̀ ní ọ̀rẹ́.

Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́hùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Hawi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, nígbà tó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Guder. Hawi ti pé mẹ́rìnlá báyìí. Tó bá ti parí ìdánwò, ó ń bọ̀ wá bá ìyá rẹ̀ gbé, ìyẹn bó bá gbà láti dúró, torí ọmọ náà ti sọ fún ìyá àgbà pé òun á kọ́kọ́ wo obìnrin náà ná. “Obìnrin náà” ló pè é. Ohun tí kò jẹ́ kí Lomitu jókòó gan-an nìyẹn.

Injera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí a fi ń jẹ ọbẹ̀ níbí, ló ń ṣe tà fún àdúgbò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ilé ọ̀fọ̀ kan ránṣẹ́ sí i pé kó ṣe hamsa wá. Hamsa, àádọ́ta ni lédè Amhariki tí à ń sọ nílùú yìí. Ṣùgbọ́n èdè Lárúbáwá ti gba ẹnu Lomitu, márùn-ún sì ni ohun tó jọ ọ́ níbẹ̀. Márùn-ún ló gbé lọ, ó fi aṣọ funfun bò ó dáadáa. Àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ dá ẹkún dúró.

“Ẹ wá wò ó o!” ni àbúrò olóògbé sọ. “Ṣé òkú èkúté là ń sin níbí ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn àlùfáà fi bojú wẹ̀yìn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Lomitu wá bá mi.

“Tíṣà, ẹ kọ́ mi ní òǹkà Amhariki. Hawi gbọ́ ọ níléèwé. Ẹ̀rù ń bà mí kí ọmọ yẹn máa túmọ̀ iye fún mi lójú ọjà bí ẹni ń fa afọ́jú. Kò ní dúró. Ta ló fẹ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀?”

Mo kó ẹ̀wà síwájú rẹ̀. Mo ní kó jókòó, ó jókòó sí etí àpótí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pè lọ. And, hulet, sost: ení, èjì, ẹ̀ta. Ọwọ́ rẹ̀ ń ka ẹ̀wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n nísàlẹ̀. Láti orí ení dé ẹ̀wá kò pẹ́. Ogún, ọgbọ̀n, ogójì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

“Tíṣà, ta ló ṣe àwọn orúkọ yìí? Ogójì kò jọ ẹ̀rin, ọgbọ̀n kò jọ ẹ̀ta!”

“Ìwọ ni kí wọ́n wá bi kí wọ́n tó ṣe é? Ó yá, tún un kà.”

Ó ń kà á bó ṣe ń po ìyẹ̀fun, ó ń kà á bó ṣe ń sá aṣọ. Àwọn ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í kí i pé, “Ọgọ́rùn-ún, o jíire?” Kò dùn ún. Láàárín oṣù kan, ó ti ń dá àṣìṣe àwọn tó ń ra injera lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀.

Aago ló wá kù. Ní abúlé wọn nígbà èwe rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní aago. Beirut ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wò ó, ti Beirut náà ló sì wà lójú fóònù rẹ̀. Àwa, ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí. Fóònù á ní aago méje àárọ̀, àwa á ní aago kan. Fóònù á ní mẹ́sàn-án, àwa á ní mẹ́ta.

“Mẹ́fà ni ìyàtọ̀,” mo ní. “Tí ẹnikẹ́ni bá pe aago fún ẹ nílùú yìí, tiwa ló ń pè. Ju ti Beirut nù. Ṣé o gbọ́?”

Mo fi ọwọ́ lu tábìlì sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń lu tábìlì yẹn.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, ó sáré já wọ yàrá mi láìkànkùn, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Tíṣà Abate, olùkọ́ Hawi, ló pè é lórí fóònù. Ará Gondar ni ọkùnrin náà, kò gbọ́ Oromo tó bó ṣe yẹ.

“Amhariki ló fi bá mi sọ̀rọ̀, Tíṣà, ó sì yé mi! Lọ́la, wọ́n á fi Hawi sínú bọ́ọ̀sì ní kùtùkùtù, á dé síbí ní aago mẹ́wàá!”

“Mẹ́wàá ti ta ni?”

“Tiwa! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.”

Inú mi dùn, mo gbá a lẹ́jìká. Mẹ́wàá tiwa, ìgbà tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ ni, ohun tí fóònù ń pè ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó yẹ kí n bi í léèrè pé bọ́ọ̀sì tó kúrò ní Guder ní kùtùkùtù, kí ló fẹ́ máa ṣe lójú ọ̀nà di ìrọ̀lẹ́? Mi ò bi í. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti yege, ìyẹn ni mo ń rò.

Lọ́jọ́ kejì, kí àkùkọ tó kọ, ó ti wà níta. Ó lọ aṣọ, ó wọ̀ ọ́, ó bọ́ ọ, ó tún un lọ̀. Ó se ọbẹ̀ adìẹ, ó tọ́ ọ wò títí mo fi ní kó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọmọ. Lẹ́yìn náà ló wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi.

“Tíṣà, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

“Aago mẹ́ta la ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Ṣé taya lo fẹ́ lọ máa ṣọ́ ni? Lọ jókòó!”

Ó lọ, ó tún padà wá ní aago márùn-ún, ó tún wá ní méje. Mo lé e padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Títí dòní, tí mo bá rántí rẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ la dé ibùdókọ̀. Mo bi ọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì pé bọ́ọ̀sì Guder ńkọ́.

“Ti Guder? Ó ti dé tipẹ́, Màmá. Aago mẹ́rin àárọ̀ ló wọlé.”

Lomitu yíjú sí mi. “Kí ló wí?”

Mẹ́rin tiwa. Mẹ́wàá ti fóònù. “Ọmọ rẹ ti dé láti àárọ̀,” mo ní. Lomitu fi mí sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárín àwọn ọkọ̀, ó ń pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ obìnrin kan tó ń ta tíì la ti rí i. Ọmọ gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, báàgì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ojú rẹ̀ jọ ti Lomitu gẹ́lẹ́. Lomitu fẹ́ dì mọ́ ọn, kò lè ṣe é; ó kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú rẹ̀.

“Hawi, aago ló dàrú mọ́ mi lójú. Wọ́n ní mẹ́wàá…”

“Tíṣà Abate ní kí n má ṣèyọnu,” ọmọ náà ní jẹ́ẹ́jẹ́. “Wọ́n ní ẹ̀yin ti pẹ́ ní Beirut, pé àwọn fi aago tibẹ̀ pè é fún yín kó lè yé yín.”

“Èmi ni mo jẹ̀bi,” mo ní. Kò sẹ́ni tó wò mí.

Obìnrin onítíì mi orí. “Láti àárọ̀ ló ti jókòó síbẹ̀ yẹn. Bọ́ọ̀sì méjì ti padà sí Guder, kọndọ́kítọ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ káwọn gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ̀.”

Lomitu gbójú sókè, omijé ti ba ìpara ojú rẹ̀ jẹ́. “Kí ló dé tí o ò bá wọn lọ, ọmọ mi? Kí ló dé tí o fi dúró?”

Hawi fa báàgì rẹ̀ mọ́ra.

“Ẹ ní ọdún méjì lẹ máa lò ní Beirut,” ó ní. “Ó ti mọ́ mi lára láti máa dúró dè yín.”