Aṣálẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Wa ní Wilhelmsburg

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Wilhelmsburg, ní ìlú Hamburg, kò ju yàrá méjì lọ ní fífẹ̀, iyanrìn ló sì kún ibẹ̀. Àwọn tó kọ́ ilé náà ló dà á síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa padà wá da ilẹ̀ dúdú lé e lórí, wọn ò sì padà wá. Àwọn aládùúgbò wa ra ilẹ̀ dúdú fúnra wọn, wọ́n gbin koríko, wọ́n wá ń gé e ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń gé irun ọmọ. Èmi ò ra nǹkan kan. Mo wo iyanrìn náà, inú mi dùn.

Ìdí tí inú mi fi dùn kò ṣòro. Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, òkè Ọya lọ́hùn-ún ni wọ́n gbé mi lọ láti sin ìlú fún ọdún kan, ní etí aṣálẹ̀, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Oṣù méje ni n kò fi ojú kan ewé tútù. Mo bínú sí ìjọba, mo bínú sí oòrùn, mo bínú sí ewúrẹ́ kan tó jẹ ìwé mi. Ó wá di ọjọ́ kan, òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, òdòdó wẹ́wẹ́ ti bo iyanrìn náà láti ẹnu ọ̀nà mi dé ilé ìwé. N kò mọ̀ pé irúgbìn ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n lò, wọ́n lọ, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé wọn.

Ìyàwó mi ní orí mi ti dàrú. Ó ní, “Daddy, àwọn èèyàn ń sá fún desert, ẹ̀yin ń gbin desert.” Ọmọ wa obìnrin tilẹ̀ dúró lójú fèrèsé, ó ní, “Papa, das ist doch nur Sand,” pé iyanrìn lásán mà nìyẹn. Mo ní kí ó dúró kó máa wò.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo to òkúta sí i, mo gbin ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún tí òtútù kì í pa sí igun kan. Ní oṣù kẹta ọdún, túlíìpù kékeré, irú èyí tó ń hù lórí òkè gbígbẹ, á yọ láàárín òkúta, kò ní ga ju ìka ọwọ́ lọ. Tí ìyẹn bá rọ, òdòdó aláwọ̀ ọsàn á gba ipò rẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Ọrọ́ á wá la òdòdó pupa rúsúrúsú ní oṣù kẹfà, bí òjò Hamburg bá gbà fún un. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti oṣù keje. Portulak ni wọ́n kọ sára páálí irúgbìn rẹ̀. Ó ń rá lórí iyanrìn, ewé rẹ̀ ki, ó ń dán, òdòdó rẹ̀ sì ní oríṣiríṣi àwọ̀. Tí oòrùn bá mú ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó là. Tó bá di aago mẹ́rin, ó ti padé. Ẹni tó bá wà níbi iṣẹ́ kò lè rí i. Ní èbúté tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń pààrọ̀ iṣẹ́ àárọ̀ mi sí ti alẹ́ ní oṣù keje nítorí tirẹ̀, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ̀gá mi.

Mo máa ń ròyìn ọgbà yìí fún ìyá mi lórí fóònù. Kò gbà mí gbọ́. Á ní, “Òdòdó nínú iyanrìn? Ṣé ò ń jẹun dáadáa ṣá?” Ọdún kejìdínlógún tí mo ti wà ní ìlú òyìnbó nìyẹn, n kò tíì kọ́ ilé sílé. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ní ilé ọmọ tí wọ́n ń fi han àlejò. Èmi, òdòdó ni mo ní. Nígbà tí wọ́n fún un ní físà ní ẹ̀ẹ̀kejì tó bèèrè, ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ó sì sọ fún mi kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú pé èyí làkọ́kọ́, òun náà ni ìgbẹ̀yìn, nítorí orúnkún òun. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Mo ka ọjọ́ lórí ìka mi. Á rí òdòdó oṣù keje kó tó lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ nínú gbogbo àbẹ̀wò náà nìyẹn.

Ó rí àwọn aláwọ̀ ọsàn. Ó ní, “Ó dára,” bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ fún nílé àna. Òjò kò jẹ́ kí ọrọ́ la òdòdó kankan lọ́dún náà. Mo ní, “Ẹ ní sùúrù, Màámi, ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀.” N kò fi ohun tó ń bọ̀ hàn án. Mo fẹ́ kó bá a lójijì. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní òpin oṣù kẹfà, mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ọ̀sán, ebi sì ń pa mí. Ìyàwó mi wà níbi iṣẹ́, ó kó àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn. Òórùn ọbẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Màámi ti ro ẹ̀bà sílẹ̀, ó bu ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí ẹja gbígbẹ kún inú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ náà ń yọ̀ díẹ̀, ó ń kan díẹ̀ lẹ́nu, ó dùn. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní kí ó tún bù sí i. Nígbà tí mo ń fi ìka lá abọ́ ni mo tó bèèrè.

“Màámi, gbúre rè é! Níbo lẹ ti rí gbúre ní Hamburg?”

“Ẹ̀yìnkùlé rẹ,” ni ìyá mi wí, inú rẹ̀ ń dùn. “O ní nǹkan nílé, o ò mọ̀. Koríko ti fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, mo ti bá ọ tún ibẹ̀ ṣe.”

Mo dìde. Abọ́ kan wà nílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n fi aṣọ tútù bò, mo fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè ráyè kọjá. Iyanrìn náà mọ́ tónítóní. Ojú ọwọ̀ tí Màámi gbé wá láti ilé ṣì wà lórí rẹ̀, ó gbá ibẹ̀ bí a ti ń gbá àgbàlá ní àárọ̀. Òkúta mi wà ní ìkójọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọrọ́ nìkan ló kù, ẹ̀gún rẹ̀ ló gbà á. Gbogbo Portulak mi tí mo gbìn lójú fèrèsé ní oṣù kẹrin kí n tó kó o sí orí iyanrìn, tí ìrudi ti wà lórí rẹ̀, wà nínú ikùn mi.

Mo jágbe. N kò ní parọ́, mo jágbe mọ́ ìyá tó bí mi. “Màámi, ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kan nǹkan tí ẹ ò gbìn? Ṣé ẹ ò mọ òdòdó yàtọ̀ sí ẹ̀fọ́ ni?”

“Gbọ́ ná, ọmọ mi...”

“N ò gbọ́ nǹkan kan!”

Ó kó abọ́ tí mo fi jẹun, ó lọ fọ̀ ọ́. Nígbà tí ìyàwó mi dé tó gbọ́, kò pariwo. Ó kàn ní, “Ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ wá bú ẹni tó sè é.” Ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Berlin pè mí. “Brọ̀dá mi, Mummy ní kí n wá mú àwọn. Kí lẹ ṣe fún wọn?” Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Màámi gbé báàgì rẹ̀, ó tẹ̀ lé e lọ sí ilé rẹ̀ ní Kreuzberg, ní Berlin.

Ẹyin lohùn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a kì í sì rántí rẹ̀ àfi tó bá ti fọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, mo pè é. Ó ní, “Mo wà dáadáa. Kí àwọn ọmọ,” fóònù sì já. Ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n wọkọ̀ lọ. Oṣù keje wọlé, oòrùn mú gan-an, kò sì sí nǹkan kan lórí iyanrìn mi tí yóò la ojú sí i. Mo máa ń dúró níbẹ̀ ní aago mẹ́wàá, mo ń wo ojú ọwọ̀ ìyá mi tí òjò kò tíì pa rẹ́ tán. Ẹ̀rù wá bà mí. Bí ó bá lọ báyìí, ohùn tí mo fi jágbe mọ́ ọn ni yóò gbé lọ sílé, kò sì ní padà wá mọ́.

Ọjọ́ Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù keje, ní ìrọ̀lẹ́, ni ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ yóò gbéra láti Berlin. Ọjọ́ Sátidé ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kí n tó dé ilé àbúrò mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, báàgì ṣì wà lẹ́yìn mi. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Dìde, ilẹ̀ tutù,” ló wí, ó wọ yàrá lọ. N kò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì mí tàbí òtútù ló ń rò. Àbúrò mi na ọwọ́ sí àga gígùn pé ibẹ̀ ni n óò sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ẹrù. Nǹkan bí aago mẹ́wàá àbọ̀ ni mo gbọ́ ohùn Màámi láti bákónì. “Wá wo gbúre rẹ.”

Ike áísìkírìmù mẹ́ta ló tò sí eteetí bákónì náà, níbi tí oòrùn ti ń mú jù. Iyanrìn ló wà nínú wọn. Portulak bo ẹnu wọn, ó ti ń dà sísàlẹ̀, mọ́kànlá nínú rẹ̀ sì ti là: pupa, funfun, àti àwọ̀ ọsàn.

“Gbúre, tí a bá já ewé rẹ̀ tán, kí là ń fi igi rẹ̀ ṣe?” Màámi bi mí bí ẹni ń bi ọmọ iléèwé.

“A máa ń rì í padà sílẹ̀, Màámi.”

“O mọ̀ ọ́n nígbà náà. Inú abọ́ tí o fẹsẹ̀ tì ni mo kó wọn sí, mo fi aṣọ tútù bò wọ́n kí oòrùn má pa wọ́n. Mo ń dúró kí o jẹun tán ká jọ lọ rì í. O ní o ò gbọ́ nǹkan kan.” Ó fi ìka kan òdòdó pupa kan, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. “Ìwé ìròyìn tútù ni mo fi wé wọn wá síbí. Ó rẹwà lóòótọ́. O ò parọ́ fún mi lórí fóònù.”

Ojú tì mí ju bí ó ti tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Mo bi í ìdí tí kò fi sọ fún mi ní gbogbo ìgbà tí mo ń pè.

“Ohun tí mo fẹ́ wò ni bóyá wàá wá láìjẹ́ pé òdòdó ló pè ọ́,” ni ìyá mi wí. “Bí o kò bá wá, mo ti sọ fún àbúrò rẹ pé kó máa sè é jẹ.”

A gbé àga síta, a jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í padé, ìgbà náà la tó gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ike mẹ́ta náà wà lórí itan mi nínú ọkọ̀ ojú irin tí mo wọ̀ padà sí Hamburg. Lọ́jọ́ kejì mo já ewé ọ̀kan nínú wọn, mo sè é, mo sì ri igi rẹ̀ mọ́lẹ̀.