Wọ́n Fẹ́ Mọ Èèwọ̀ Ilé Wa

Ọlọ́run ló yọ mí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì lónìí!

Wọ́n ká mi mọ́ ẹnu géètì ní àdúgbò Durumi níbí, wọ́n ní àwọn ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Mo ní kò burú.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni: "Sà, kí ni èèwọ̀ ìdílé yín?"

Kai! Ẹni tí mi ò mọ̀ rí? Kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n máa fi mú mi?

Mo ní, "Ta ló rán yín?" Mo ti géètì.

Àmọ́ ká sọ òótọ́, èmi gan-an ò mọ èèwọ̀ ọ̀hún. Mo bá pe màámi nílé, mo bi wọ́n.

Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀:

"Ta ló rán ẹ?"

Èmi ọmọ bíbí inú wọn o! Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé wọ́n ti sọ tiyín fún yín?