Rósárì Kò Sí Lọ́wọ́ Eleuterio Sotelo Nígbà Tó Kú

Ebi àti òtútù ló pa Eleuterio Sotelo ní erékùṣù Malvinas tí a bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà lé lórí lọ́dún 1982, kì í ṣe ìbọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Èmi tí mò ń kọ èyí ni ọ̀gá rẹ̀. Èmi náà ni mo kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ ní Corrientes pé ojú ìjà lọmọ rẹ̀ kú sí, rósárì lọ́wọ́, orúkọ Màríà lẹ́nu. Irọ́ ni mo pa. Inú àpò mi ni rósárì ọ̀hún wà.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, òun ló ń ṣáájú àdúrà ìrọ̀lẹ́ nínú kòtò wa, tí àwọn yòókù ń dáhùn títí ohùn wọn fi ń borí afẹ́fẹ́. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ohùn fadá tó ń bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa rìn nìkan ló kù. Ta ni ì bá dáhùn? Àpótí rósárì ń dé láti ilé, àpótí búrẹ́dì kò dé. Àwọn ọ̀gá àgbà wa gbà pé ẹni tó bá gbàdúrà dáadáa kò ní í rántí oúnjẹ. Wọ́n á ti jẹun yó kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Sotelo pa àgùntàn ará erékùṣù kan, ó sì pín in fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méje. Mo pè é lólè. Mo ní kí wọ́n kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀, kí wọ́n dè é tọwọ́tẹsẹ̀ mọ́ wọn lórí ilẹ̀ tó ti dì. Fadá ń kọjá lọ, ó ní kó fi ìyà náà rúbọ sí Ọlọ́run. Kí wọ́n tó dè é, Sotelo bọ́ rósárì lọ́rùn, ó nà án sí mi.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi dá a padà fún ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ẹ ní mo kí wọn. Ẹ ní lọ́jọ́ mìíràn, kí wọ́n fi ọbẹ̀ ránṣẹ́."

Àwọn ọmọ ogun rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a láyé.

Ìyá rẹ̀ gba lẹ́tà mi gbọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìsìn Màríà ní Itatí lọ́dọọdún láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Màríà tó dúró ti ọmọ rẹ̀ dópin, títí òun náà fi kú. Àwọn wo ló wá ń jèrè irọ́ yìí? Àwọn tó ń to òdòdó sídìí òkúta ìrántí lóṣù kẹrin ni, tí wọ́n ń ka lẹ́tà mi tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀ sókè, tí wọ́n sì fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ mi láyà. Wọ́n ní ogun ló gba ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó padà bọ̀ láàyè. Ṣé ogun ló kan èèkàn?

Ẹ pa lẹ́tà mi rẹ́ lára òkúta yẹn. Ẹ pe gbogbo ọ̀gá tó de ọmọ ogun tirẹ̀ mọ́lẹ̀ wá sílé ẹjọ́. Èmi, Horacio Lezcano, ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ jẹ́wọ́ fún Nélida, àbúrò Sotelo. Ó jẹ́ kí máté, omi ewé gbígbóná tó ń mu, tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà tí Màmá ti kú lẹ wá rí òótọ́ sọ," ló wí. "Ẹ kúuṣẹ́, ọ̀gá."

Mo gbé rósárì náà lé e lọ́wọ́, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tí mo dé ibi ọbẹ̀, ó bo ẹnu.

"Ohùn rẹ̀ nìyẹn," ló wí.